Báwo lo ṣe mọ̀? Bí sáyẹ́ǹsì ṣe ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ronú

Ẹ mú wóró yìnyín méjì tó tóbi bákan náà. Ẹ gbé ọ̀kan sínú àwo lásán. Ẹ fi súwẹ́tà wé èkejì dáadáa, kí ẹ gbé òun náà sínú àwo tirẹ̀. Wàyí, ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́jọ kan léèrè pé èwo ló máa kọ́kọ́ yọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó ní ti inú súwẹ́tà ni. Kí ló dé? Súwẹ́tà máa ń mú nǹkan gbóná, ṣebí ìdí tí a fi ń wọ̀ ọ́ nígbà òtútù nìyẹn.

Ìdáhùn yẹn kì í ṣe ìdáhùn òpè o. Ọmọ náà ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ó ti wọ súwẹ́tà rí, ara rẹ̀ sì móoru. Ó ní ìdí tó fi so ẹ̀rí náà mọ́ ìdáhùn. Ibi tó ti ṣì í ni pé súwẹ́tà kì í dá ooru kankan. Ńṣe ló ń dí ooru lọ́nà. Bí ooru bá wà nínú, bíi ti ara ènìyàn, kò ní jẹ́ kó tètè jáde. Bí ooru bá wà níta, kò ní jẹ́ kó tètè wọlé. Yìnyín tí a fi súwẹ́tà wé ló máa pẹ́ jù kó tó di omi.

Olùkọ́ kan lè sọ èyí fún kíláàsì láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọ̀rọ̀ parí. Olùkọ́ mìíràn lè ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ èrò tirẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan yìnyín, kí gbogbo wọn wá jókòó ti àwo méjèèjì títí ọ̀kan á fi yọ́ tán. Ní kíláàsì kejì yìí, ariwo máa ń sọ. Àwọn kan á ní wóró kan ti kéré ju èkejì lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á ní súwẹ́tà náà ti gbó, pé kò gbóná mọ́. Ọ̀kan á ní kí wọ́n tún un ṣe. Ohun kan náà ni kíláàsì méjèèjì mọ̀ nípa súwẹ́tà nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, àmọ́ kíláàsì kejì nìkan ló ronú.

Ìrònú irú èyí, tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó gbà á, ni wọ́n ń pè ní àròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ lẹ́nu àwọn elétò ẹ̀kọ́ débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìtumọ̀ mọ́. Gbogbo ìwé ètò ẹ̀kọ́ ló ń dárúkọ rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń sọ ohun tó jẹ́. Ẹni tí mo rò pé ó là á yé ni jù ni John Dewey, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, lọ́dún 1910. Ní kúkúrú, ohun tó sọ ni pé kí ènìyàn mú ohun tó gbà gbọ́, kó yẹ ìpìlẹ̀ tó dúró lé wò, kó sì wo ibi tí yóò já sí. Bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ fún ọmọdé, kò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ: Báwo la ṣe mọ̀? Ṣé kò lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló fà á? Kí la máa rí tó máa jẹ́ ká yí èrò wa padà?

Ìbéèrè kẹta yẹn, àwa àgbà gan-an kì í fẹ́ dáhùn rẹ̀.

Òun ló sì fi àròjinlẹ̀ yàtọ̀ sí iyàn jíjà. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá kọ́ ọmọ ní àròjinlẹ̀, á wá di alájàǹyàn, kò ní gbọ́ràn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jiyàn ti mọ ibi tó ń lọ kó tó gbéra. Ẹ̀rí tó bá tirẹ̀ mu nìkan ló ń ṣà lọ́nà. Ẹni tó ń rò jinlẹ̀ ń tẹ̀lé ẹ̀rí, bí ẹ̀rí bá sì yà, òun náà á yà. Ọmọ tó lè la ẹnu rẹ̀ sọ pé "ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí, mo ti rí i pé mo ṣì í" kò yájú sí ẹnikẹ́ni. Mélòó nínú wa ló lè sọ bẹ́ẹ̀?

A lè fi ìtàn tàbí àwòrán kọ́ ọmọ láti ronú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tó jẹ́ sáyẹ́ǹsì? Ìdí ni pé nínú sáyẹ́ǹsì, nǹkan fúnra rẹ̀ ló ń dá ọmọ lóhùn. Yìnyín ò mọ ọmọ tó máa ń gba ipò kìíní. Kò sì mọ ohun tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ohun tí olùkọ́ fẹ́ gbọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ẹṣin kan ṣàlàyé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ọkùnrin kan wà nílùú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, tó ń jẹ́ Wilhelm von Osten. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹṣin kan, Hans, tí wọ́n ní ó mọ ìṣirò. Bí wọ́n bá bi í pé 3 àti 4 jẹ́ mélòó, Hans á fi pátákò gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, á sì dáwọ́ dúró. Ìgbìmọ̀ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 1904, wọn ò rí jìbìtì kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni olùwádìí kan tó ń jẹ́ Oskar Pfungst dé, tó bi ìbéèrè tó yàtọ̀: bí ẹni tó ń bi ẹṣin léèrè fúnra rẹ̀ ò bá mọ ìdáhùn ńkọ́? Bí Hans ò bá rí ẹni náà ńkọ́? Ó dán méjèèjì wò, ìmọ̀ ìṣirò Hans sì pòórá. Kì í ṣe nọ́ńbà ni ẹṣin náà ń kà, ara àwọn ènìyàn ló ń kà. Bó bá ti gbá ilẹ̀ dé iye tó yẹ, ẹni tó bi í léèrè á mira díẹ̀ láìmọ̀, Hans á dúró. Ọdún 1907 ni Pfungst tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Von Osten ò purọ́ fún ẹnikẹ́ni o. Tọkàntọkàn ló fi gbà pé ẹṣin òun mọ̀wé.

Ẹ wá wo kíláàsì kan. Olùkọ́ béèrè ìbéèrè, ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ojú olùkọ́ fà ro díẹ̀. Ọmọ náà yí ìdáhùn padà kó tó parí gbólóhùn. Ojú olùkọ́ là, ọmọ náà ṣe é parí tayọ̀tayọ̀, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Hans ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yẹn. Ọmọ náà gbọ́n, àmọ́ ojú tíṣà ló ń fi ọgbọ́n rẹ̀ kà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn kí yìnyín, okùn tàbí gílóòbù wà lórí tábìlì: ojú ọmọ á kúrò lára olùkọ́, á bọ́ sára nǹkan.

Olùkọ́ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe o, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni kó panu mọ́. Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà kan tó ṣèwádìí lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní àwọn ọdún 1970, gba ohùn ọ̀pọ̀ kíláàsì sílẹ̀, ó sì ka àsìkò tí olùkọ́ fi ń dúró lẹ́yìn tó bá béèrè ìbéèrè. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kò pé bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ á ti dá ara rẹ̀ lóhùn tàbí kó pe ọmọ mìíràn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ kọ́ láti dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, wọ́n ń mú ìdí wá, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ fi ọkàn ka 3 wò. Bí ẹ bá dúró níwájú ọmọ 30 tí gbogbo wọn ń wò yín, ẹ máa rí i pé 3 yẹn gùn.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan kínníkínní báyìí. Ẹ so okùn kọ́ òkè férémù ilẹ̀kùn, kí ẹ so nọ́ọ̀tì irin kan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó jẹ́ mítà kan gééré láti ibi tí ẹ so ó sí dé àárín nọ́ọ̀tì. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Á máa fì lọ, á máa fì bọ̀. Iye ìgbà mélòó ló máa lọ tó máa bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20?

Ìdáhùn rẹ̀ ni 10. Àmọ́ ó dájú pé ẹnìkan ní kíláàsì á pe 11, á sì búra lé e. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé ó ṣì í kà. Ẹ ní kó tún un kà sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ẹ máa rí i pé bó ṣe ń jọ̀wọ́ nọ́ọ̀tì ló ń pe "ọ̀kan", nígbà tí nọ́ọ̀tì náà ò tíì lọ ibì kankan. Òdo ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ gan-an ló máa ń rí i, inú wọn sì máa ń dùn jọjọ, torí pé wọ́n ti rí ibi tí iyàn ti wá: ojú méjèèjì ló rí nǹkan kan náà, bí wọ́n ṣe kà á ló yàtọ̀.

Ìbéèrè tó kàn ni pé kí la máa ṣe kó lè túbọ̀ yára fì. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní kí a jẹ́ kó wúwo sí i. Àwọn mìíràn á ní kí a fà á jìnnà sí i, àwọn kan á ní kí a gé okùn kúrú. Wàyí, ọmọkùnrin kan sáré so nọ́ọ̀tì kejì mọ́ ọn. Nígbà tó ń so ó, ó fi okùn yí nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, okùn sì kúrú. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó di 12. "Ẹ ẹ̀ wá rí i! Ó wúwo, ó wá yára!"

Ibi tí gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn wà nìyẹn, olùkọ́ tí kò bá ṣọ́ra á sì gbójú fò ó. Bó bá ní "rárá, ìwúwo kọ́", ọmọ á gbà nítorí pé tíṣà ló sọ ọ́. Bó bá ní "o káre", ó bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan ló yẹ kó bi í: "Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní kì í ṣe nọ́ọ̀tì kejì ló jẹ́ kó yára, pé okùn tó kúrú ni, kí lo máa fi dá a lóhùn?" Kó wá panu mọ́, kó ka 3.

Ọmọ náà á wo okùn. Á wo nọ́ọ̀tì. Kò sí ohun tó lè fi dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn, torí ohun méjì ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí bó ṣe lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ á ní kí wọ́n tú u. Wọ́n á so nọ́ọ̀tì méjèèjì pọ̀ sójú kan náà, kí ọ̀kan má rọ̀ sábẹ́ èkejì, kí okùn má gùn, kó má kúrú. Wọ́n á kà á: 10. Wọ́n á so mẹ́ta: 10. Nígbà yìí ni wọ́n á wá fi nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo sílẹ̀, tí wọ́n á dín okùn kù sí sẹ̀ǹtímítà 25. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20, ó di 20. Okùn di ìdá mẹ́rin, àsìkò tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀ di ìdajì. Ọmọ tó bá ti ń fẹ́ràn nọ́ńbà á fẹ́ mọ ìdí tí kì í fi í ṣe ìdá mẹ́rin pẹ̀lú ìdá mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó fẹ́ ẹ. Galileo ti wo ohun kan náà yìí ní Ítálì ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, ní 1656 sì ni Christiaan Huygens ará Netherlands fi í ṣe aago.

Yí ohun kan ṣoṣo padà, fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà: ìdánwò tí kò ṣègbè ni mo máa ń pe irú rẹ̀. Ọmọ tó bá di ìlànà yìí mú ti ní ohun èlò tó lè fi yẹ oògùn, ìpolówó ọjà àti ìlérí olóṣèlú wò lọ́jọ́ iwájú. Ṣé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè lóye rẹ̀? Jean Piaget, ará Switzerland tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú ọmọdé, fi hàn pé bí a bá da omi láti inú ife fífẹ̀ sínú ife tín-ín-rín tó ga, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún márùn-ún á ní omi náà ti pọ̀ sí i. Àwọn kan fi irú èyí parí èrò pé kí a dúró di ìgbà tí wọ́n bá dàgbà. Ṣùgbọ́n ní 1999, Zhe Chen àti David Klahr ṣe iṣẹ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 7 sí 10 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí lè kọ́ ìdánwò tí kò ṣègbè, pàápàá bí olùkọ́ bá là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Fífi ohun èlò síwájú wọn nìkan, kí a ní kí wọ́n máa ṣeré, kò ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun àwọn kan tó gbà pé kí ọmọ ṣáà máa dá wá a rí. Èmi rò pé ó bọ́gbọ́n mu: ẹ jẹ́ kí ọmọ kọsẹ̀ lórí ìṣòro ná, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún un ní orúkọ àti ìlànà rẹ̀.

Àwọn ilé ìwé kan á ní àwọn náà ń ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, bí ẹni ń se ọbẹ̀ tí wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún: ṣe báyìí, ṣe báyìí, kọ ìdáhùn sí àlàfo yìí. Ìdáhùn ti wà nínú ìwé kí omi tó gbóná. Mo rántí ọjọ́ kan nígbà tí mo wà nílé ìwé tí wọ́n ní ká wọn bí omi ṣe gbóná tó nígbà tó bá ń hó. Tèmi jẹ́ ìwọ̀n 98. Ìwé ní 100. Mo pa 98 rẹ́, mo kọ 100, mo gba máàkì tó pé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé omi kì í hó ní ìwọ̀n 100 níbi gbogbo: bí a bá ṣe ń gòkè sí, nǹkan bí 300 mítà kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tó fi ń hó á máa fi bí ẹyọ kan dín kù, torí afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti fúyẹ́. Ó lè jẹ́ ibi gíga la wà. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ló ń parọ́. Ìbéèrè tó dùn jù lọ lọ́jọ́ náà ni mo fi rọ́bà pa rẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ìtàn kọ́ wọn, ẹ mú ti Francesco Redi, dókítà ará Ítálì, kí ẹ sì máa dúró lójú ọ̀nà. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ènìyàn gbà pé ẹran tó bá rà fúnra rẹ̀ ló ń di ìdin. Redi rò pé eṣinṣin ló ń yé ẹyin sí i. Ẹ dúró níbí, ẹ bi àwọn ọmọ pé báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ẹni tó jàre. Wọ́n á tó dé ibi tí Redi dé ní 1668: ó kó ẹran sínú ìgò, ó ṣí àwọn kan sílẹ̀, ó dé àwọn kan pa. Ìdin jáde nínú èyí tó ṣí, kò jáde nínú èyí tó dé. Ó parí, àbí? Ẹ tún dúró. Ọmọ kan á ní bóyá afẹ́fẹ́ tí kò wọlé ni kò jẹ́ kí ìdin jáde. Kó tó di pé ẹ gbóríyìn fún un, ẹ sọ fún un pé ohun tí àwọn alátakò lè fi dá Redi lóhùn gan-an nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tó fi tún un ṣe, tó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹnu ìgò, kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí eṣinṣin má wọlé. Síbẹ̀, kò sí ìdin lára ẹran.

Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ńkọ́? Ìdàrúdàpọ̀ tó wà níhìn-ín pọ̀ ju ti sáyẹ́ǹsì lọ, torí ọ̀pọ̀ ń rò pé bí ilé ìwé bá ti ra kọ̀ǹpútà, ó ti kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọmọ tó ń fi ọwọ́ fa fídíò lọ sókè sódò lórí fóònù ò ronú ju ẹni tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lọ. Ibi tí ìrònú ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí ọmọ ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ ò sì ṣe ohun tó fẹ́.

Ní 1967, Seymour Papert, Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon ní Amẹ́ríkà ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan fún ọmọdé, wọ́n pè é ní Logo. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìjàpá kan sí i tó ń ya ìlà bó ṣe ń rìn. Ìjàpá tiwa la mọ̀ sí ẹlẹ́tàn. Èyí ò mọ ẹ̀tàn kankan, ohun tí o bá sọ fún un gẹ́lẹ́ ló máa ṣe, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ọmọ tó bá fẹ́ ya onígun mẹ́rin á kọ ọ́ pé: lọ síwájú 100, yà sọ́tùn-ún 90, kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó bọ́ sí i. Ó wá fẹ́ ya onígun mẹ́ta tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ìwọ̀n 60 ni igun kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó kọ: lọ síwájú 100, yà sọ́tùn-ún 60, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó jáde kì í ṣe onígun mẹ́ta. Ó dà bí abọ́ tó ṣẹ́ sí méjì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Kò sí ẹni tó bá a wí. Ìjàpá ò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ẹ ní kí ọmọ náà dìde, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin onígun mẹ́ta nílẹ̀. Bó bá dé igun, á rí i pé kì í ṣe ìwọ̀n inú igun ni òun ń yà. Òun fẹ́ẹ̀ máa yí padà síbi tí òun ti wá. Láti ibi tó kọjú sí, ìwọ̀n 120 ló gbọ́dọ̀ yà, ìyẹn 180 tí a yọ 60 kúrò nínú rẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó gba oyè nínú ìṣirò tó kọsẹ̀ níbí.

Lóde òní, Scratch, èdè kọ̀ǹpútà fún ọmọdé tí wọ́n gbé jáde ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2007, ló wọ́pọ̀ jù fún irú iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà, ọmọ kan lè ṣe ìjàpá, kí èkejì máa ka àṣẹ fún un láti inú ìwé. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: àwọn ọmọ kan á kàn máa pààrọ̀ nọ́ńbà, 60, 70, 80, títí ó fi máa bọ́ sí i. Iyẹn kì í ṣe ìrònú, tẹ́tẹ́ ni. Òfin tó ń wò ó sàn ò le: kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnì.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì ṣòro jù, torí níbẹ̀, nǹkan ò lè fúnra rẹ̀ dá ọmọ lóhùn. Láti 1998 ni ojú ewé kan ti wà tó ń sọ nípa octopus (ẹranko omi tó ní apá mẹ́jọ) kan tó ń gbé lórí igi ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwòrán àti ìpè pé kí a dáàbò bò ó. Àwàdà ni, inú òkun ni octopus ń gbé. Àwọn olùkọ́ ń lò ó títí di òní. Bí ẹ bá fi han ọmọ, bóyá ohun tó kọ́kọ́ máa ṣe ni kó túbọ̀ ka ojú ewé náà dáadáa: àwòrán rẹ̀ dára, ó kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá, ó jọ òótọ́. Sam Wineburg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Stanford wo bí àwọn tó fi yíyẹ ìròyìn wò ṣe iṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Wọn kì í pẹ́ lórí ojú ewé náà rárá. Kíá ni wọ́n ti jáde síta, láti wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè kọ́ èyí: ta ló sọ ọ́, báwo ló ṣe mọ̀, ta tún ni kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀?

Àwọn ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn tún dé. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tò pọ̀, wọ́n sì lè fi ohùn kan náà sọ òótọ́ àti irọ́, láìwò yín lójú. Ẹ má ṣe fi ọmọdé sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ ní kó bi ẹ̀rọ náà ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ dénú: eré ìdárayá tó fẹ́ràn, irú ẹja tó ń sìn, ìwé tó ti kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó fi bírò pupa sàmì sí ibi tó bá ti ṣì í. Ọmọ tó ti máàkì iṣẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ò ní fi gbogbo ara gbà á mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ọmọ náà mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi mú àṣìṣe. Daniel Willingham, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 2007 pé àròjinlẹ̀ kì í ṣe bíi kẹ̀kẹ́ gígùn, tí ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n á máa gùn ún níbikíbi. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa eṣinṣin ò lè rò jinlẹ̀ nípa ìdin. Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé kí ọmọ má há nǹkan sórí mọ́, pé Google ti wà, ń gé ẹ̀ka tí àwọn fúnra wọn jókòó lé. Bákan náà ni ọmọ tó ń ṣiyèméjì sí ohun gbogbo: kò ronú ju ẹni tó ń gba ohun gbogbo gbọ́ lọ. Wọ́n ní kí ó béèrè ìdí láti gbàgbọ́. Kó béèrè ìdí láti ṣiyèméjì pẹ̀lú.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ọmọ ti kọ́ ọ? Kì í ṣe nípa bíbi í pé kí ni ìtumọ̀ àròjinlẹ̀. Ẹ fún un ní ohun tí kò rí rí. Ẹ sọ fún un pé ọmọ kan gbin irúgbìn méjì. Ó gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, ó ń kọrin fún un lárààárọ̀. Ó gbé èkejì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò kọrin fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ti ojú fèrèsé tutù yọ̀yọ̀, ti inú kọ́bọ́ọ̀dù sì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ní orin ló jẹ́ kó dàgbà.

Àwọn kan á ní irọ́ ni, orin ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò tíì débẹ̀. Ọmọ tí ẹ ń wá ni èyí tó máa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tó máa wá ní: "Kó gbé méjèèjì sójú fèrèsé ná."